Ọ̀rọ̀ wo la ó máa lò tí a bá ń jíròrò eré ìtàgé tó parí sí ẹkún?

Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́, Òkè Fíà (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú làálàá òní.

Ènìyàn mẹ́sàn-án ni wá tí a máa ń pàdé ní Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi níhìn-ín ní Òṣogbo, láti ka ìwé. Télọ̀ méjì wà nínú wa, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ yunifásítì méjì, àwa yòókù sì ń tajà. Ìtàn àròsọ la ti ń kà bọ̀. Oṣù yìí la kọ́kọ́ fọwọ́ kan eré ìtàgé. A ka The Gods Are Not to Blame tí Ọlá Rótìmí kọ, a sì fẹ́ ka Oedipus pọ̀ mọ́ ọn, ìyẹn eré Sophocles ará Gíríìkì tí Rótìmí ti mú ìtàn tirẹ̀ jáde.

Ìwé náà wọ̀ wá lára. Ìgbà tó kan ọ̀rọ̀ sísọ lé e lórí ni ó há. Yorùbá la fi ń jíròrò, torí òun ló yọ̀ mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yunifásítì yìí bá bẹ̀rẹ̀: Ọdẹ́wálé, ọba inú eré náà, ní "hamartia", ibi báyìí ni "peripeteia" wà, "katharsis" ló yẹ kó ṣe wá. Kò ṣe é láti fi gbéraga, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn télọ̀ wa, obìnrin tó ti ń fi ìdí aṣọ nu ojú láti ìgbà tí a ti ka ibi tí Ojúọlá, aya ọba tó tún jẹ́ ìyá rẹ̀, wọ yàrá lọ, kò tún la ẹnu mọ́ títí a fi túká. Ẹni tí eré náà dé ọkàn rẹ̀ jù lọ ni kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó dùn mí títí mo fi délé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ti ìdánwò nìkan o, èyí tí ènìyàn lè fi ẹnu sọ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni mò ń wá.

Tíṣà Àgbà (Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́)

Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé ìwé girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ má mikàn, àwọn àgbà ti ṣe iṣẹ́ èdè ìperí sílẹ̀ dè wá.

Irú eré tí ẹ kà yẹn, eré ọlọ́fọ̀ là ń pè é. Èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín ni eré aláwàdà. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ dá lé lórí ni olú ẹ̀dá ìtàn. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣe bí òmíràn, tí wọ́n so kọ́ra, ni ahunpọ̀ ìtàn. Bí òǹkọ̀wé ṣe fi ìwà wọ ẹni kọ̀ọ̀kan láṣọ ni ìfìwàwẹ̀dá. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ń bá ara wọn sọ ni ìtàkùrọ̀sọ, èyí tí ẹnì kan dá nìkan sọ tí kò sí ẹni tí ó ń dá a lóhùn ni àdásọ. Eré pín sí ìran-ìran. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le dójú ẹ̀ ni ṣóńṣó ìtàn.

Hamartia tí ọmọ yẹn wí, àléébù ni. Ọdẹ́wálé ní ìbínú òjijì, ìbínú yẹn ni àléébù rẹ̀, òun ló sì gbé e ṣubú.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ máa fi àmì ohùn sí i. Ọ̀fọ̀ tí a ń ṣe fún òkú kì í ṣe ọfọ̀ tí àwọn àgbà ń pè. Mo ti gba ìwé ọmọ kan rí tó kọ odindi ojú ewé kan lórí ògèdè àti àyájọ́, nítorí pé "ere olofo" ni wọ́n kọ sójú pátákó fún un láìsí àmì.

Àkànní Ẹdẹ (Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́)

Kí ló burú nínú eré àjálù? Gbogbo ènìyàn ló mọ àjálù. Rédíò ń pè é lójoojúmọ́. Tí ẹ bá sọ fún ìyá mi pé eré ọlọ́fọ̀, yóò kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kú lọ́wọ́ yín.

Wálé nípa eré (Ọjọ́ Ajé, 9:47 alẹ́)

Tíṣà, ẹ kú alẹ́ sà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ àmì yẹn. Bí a bá fi "oní" mọ́ ọ̀fọ̀, ọlọ́fọ̀ ni. Bí a bá fi mọ́ ọfọ̀, ọlọ́fọ̀ náà ni. Ó dà bí ọlọ́rọ̀ tó ní ọrọ̀ àti ọlọ́rọ̀ tó ni ọ̀rọ̀, ojú kan náà ni wọ́n ń ní lórí ìwé. Nítorí náà, ọmọ yẹn lè ṣi í gbọ́ kódà kí àmì pé sórí rẹ̀. Tí a bá ní eré ọ̀fọ̀, láìfi "oní" kún un, àmì á wá ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Mo ń bọ̀ wá sórí hamartia lọ́la, nítorí mi ò fara mọ́ àléébù.

Ọmọ Onílù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:31 àárọ̀)

Àkànní, ẹ má bínú sí mi, mi ò gba eré àjálù wọlé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ohun tó já lu ènìyàn. Bí òrùlé bá wó lu ẹni tó ń sùn, àjálù ni. Bí òjò bá gbé ọkọ̀ lọ, àjálù ni. Ṣé Ọdẹ́wálé ń sùn? Òun ló dìde. Òun ló ní àfi kí òun mọ ẹni tó pa ọba tó wà kí òun tó dé. Àwọn tó mọ̀ ń yẹra fún ìbéèrè rẹ̀, ó ń lé wọn ká. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fa okùn náà títí ó fi dé ọrùn rẹ̀. Ohun tó já lu ènìyàn kọ́ nìyẹn. Tí ẹ bá pè é ní àjálù, ẹ ti sọ ìdajì eré náà nù kí ẹ tó ṣí ìwé.

Bàbá mi lu ìlù fún ẹgbẹ́ eré alárìnjò kan níhìn-ín fún ọdún mélòó kan, inú ọkọ̀ wọn ni mo ti dàgbà. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe eré kún ti àwọn tó ń kà á, torí Òṣogbo la wà. Níhìn-ín ni Dúró Ládipọ̀ ti gbé Ọba Kò So jáde ní Mbari Mbayo, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní 1963, tó sì gbé e dé Berlin ní 1964. Eré Yorùbá pọ́ńbélé, tó dá lórí bí Ṣàngó ṣe ba ayé ara rẹ̀ jẹ́, tó sì lọ so. Àwọn tó ṣe é kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ kọ́ èdè Gíríìkì kó tó sunkún.

Ìbẹ̀rẹ̀ eré, kí ìtàn tó mú nǹkan dání, ìjúbà ni wọ́n ń pè é. Ìdánrawò ni ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Adarí eré ló ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ yóò dúró. Àwọn tó ń dáhùn orin ni elégbè. Bàbá mi ní ohun tí òun ń pè ní "fífi ọwọ́ bo awọ". Kí olú òṣèré tó sọ ọ̀rọ̀ tó máa pa á lára, onílù á fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ìlù, ìró náà á kú lójijì, gbogbo gbọ̀ngàn á gbọ́ èémí ẹni tó dúró lórí ìtàgé. Mo jókòó lórí àpótí lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo rí ọwọ́ bàbá mi bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ara mi ti ń gbọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ẹ lè fi kún ọ̀rọ̀ yín. Tí ẹ bá dé irú ibẹ̀ nínú ìwé, ẹ ní "ibi yìí ni onílù á ti fọwọ́ bo awọ." Gbogbo yín á mọ ohun tí ẹ ń wí.

Wálé nípa eré (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán)

Mo dé.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí hamartia ti jáde ní èdè Gíríìkì, ẹni tó ju ọ̀kọ̀ tí ọ̀kọ̀ rẹ̀ kò ba ohun tó ń jù ú sí ni wọ́n ń lò ó fún. Ó tàsé. Aristotle, onímọ̀ ará Gíríìkì, ló fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ akéwì, Poetics, nígbà tí Sophocles ti kú tipẹ́. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ìṣubú rẹ̀ máa ń dun òǹwòran jù kì í ṣe ẹni mímọ́, kì í sì í ṣe ìkà. Ẹni tó wà láàárín ni, tó gbajúmọ̀, tó wá ṣubú nítorí hamartia kan. Àwọn tó wá lẹ́yìn ni ó sọ ọ́ di àbùkù inú ìwà, bíi pé ènìyàn gbọ́dọ̀ ní àrùn kan nínú kó tó lè ṣubú. Èyí ni wọ́n ń kọ́ wa nílé ìwé, òun náà ló wà nínú "àléébù".

Yorùbá ní ohun tó sún mọ́ ti Aristotle ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. "Ṣì" ni. A ní àṣìṣe, àṣìgbọ́, àṣìmú, àṣìsọ. Bí ọdẹ bá ta ọfà tí kò ba ẹran, àṣìta ni. Oedipus kò mọ̀ pé bàbá òun ni òun pa, kò mọ̀ pé ìyá òun ni òun fẹ́. Àṣìpa ni, àṣìfẹ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ le, ojú rẹ̀ mú, ọfà rẹ̀ yá, àmọ́ ibi tó fi sí kọ́ ni ó lọ. Mo ní kí a máa pe hamartia ní àṣìta.

Ẹ jẹ́ kí n fi peripeteia kún un, torí òun náà rọrùn. Ìyípadà bìrí ni. Kì í ṣe pé ayé kàn yí o. Ohun tí ènìyàn ṣe kí ó lè dára ló yí padà di ohun tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àpẹẹrẹ tí Aristotle fúnra rẹ̀ mú ni oníṣẹ́ tó ti Kọ́ríńtì wá sọ́dọ̀ Oedipus. Ó wá fi í lọ́kàn balẹ̀ ni. Ó ní kó má bẹ̀rù àtifẹ́ ìyá rẹ̀, pé obìnrin tó ń pè ní ìyá ní Kọ́ríńtì kì í ṣe ìyá tó bí i. Gbólóhùn ìtùnú yẹn ló tú àṣírí.

Tíṣà Àgbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Wálé ọmọ mi, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ ọlọ́fọ̀ yẹn tọ̀nà, mo gbà á, n kò ronú kàn án rí. Láti òní lọ, eré ọ̀fọ̀ ni lẹ́nu tèmi.

N kò tíì fi àléébù sílẹ̀. Ìdí méjì ni. Ọmọ tó bá ń lọ kọ WAEC, wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé àbùkù wo ló gbé olú ẹ̀dá ìtàn ṣubú, tó bá kọ àṣìta nìkan, yóò pàdánù máàkì. Kó mọ méjèèjì. Èkejì, ìwọ náà ṣí ìwé Rótìmí. Lórí oko, bàbá arúgbó yẹn gbé àwọn èrò rẹ̀ wá wú iṣu, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, ó fi èdè àti ẹ̀yà Ọdẹ́wálé ṣẹ̀fẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Ẹlòmíràn ì bá ti yí ẹ̀yìn padà. Ìbínú wà níbẹ̀, ìkanra orí ẹ̀yà wà níbẹ̀. Ìwọ lè pe ìyẹn ní àṣìta?

Wálé nípa eré (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:03 ìrọ̀lẹ́)

Rárá sà. Ti Ọdẹ́wálé, ẹ jàre mi. Rótìmí ló yí i síbẹ̀. Nínú ti Sophocles, oríta mẹ́ta ni wọ́n ti pàdé, bàbá arúgbó náà wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọ́n fẹ́ fipá ti Oedipus kúrò lọ́nà, ó fi ìbínú lu ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, bàbá náà sì fi ọ̀pá gbá a lórí. Ìbínú wà ní tòótọ́, àmọ́ àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fipá tì í. A jẹ́ pé àṣìta bá Oedipus mu, àléébù bá Ọdẹ́wálé mu. Ẹgbẹ́ Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́ lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò wọn, torí ìwé méjèèjì ló wà lọ́wọ́ wọn.

Àkànní Ẹdẹ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ Onílù, mo ti gbọ́. Mo fi àjálù sílẹ̀ fún rédíò.

Ẹ kàn jẹ́ kí n sọ pé ìtòsí Ẹdẹ ni Rótìmí fi oko yẹn sí. Ẹdẹ yìí kan náà ni Ṣàngó rán Tìmì lọ nínú Ọba Kò So. Eré ọ̀fọ̀ méjì, ìlú mi wà nínú méjèèjì. Mo ń gba ọ̀nà yẹn lọ sí ibi iṣẹ́ láràárọ̀, ojú tí mo fi ń wò ó ti yí padà.

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò (Ọjọ́rú, 7:12 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni nọ́ọ̀sì tí Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́ sọ, mo wà ní ìpàdé náà. Katharsis ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Mo rí i pé àwọn kan ń pè é ní ìwẹ̀nùmọ́. Ìwẹ̀nùmọ́ ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ń múni rántí. Àwọn oníṣègùn Gíríìkì náà lo katharsis, fún fífọ inú, bí ìgbà tí a bá fún ènìyàn ní àgbo tí ó máa kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde. Kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú rárá. Ohun kan ti dì sínú, ó ń wá ọ̀nà àbájáde.

Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́, obìnrin kan pàdánù ọmọ, kò sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń ká aṣọ ọmọ náà, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ní ọjọ́ kẹrin, aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì gba ìròyìn ikú bàbá rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Obìnrin wa yìí dìde, ó lọ dì mọ́ ọn, ó sì sun ẹkún tirẹ̀ lé ẹkún onítọ̀hún. Nígbà tó ṣe tán, ó ní kí n fún òun ní oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ tó sọ ni pé, "Àyà mi fúyẹ́." Mo ka ohun tí wọ́n ń pè ní katharsis nínú ìwé, mo rántí rẹ̀. Ẹkún ẹlòmíràn ló ṣí ilẹ̀kùn fún tirẹ̀.

Nítorí náà, mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ gígùn kankan. Ẹ jẹ́ kí a kàn bi ara wa pé, "Ṣé àyà rẹ fúyẹ́ lẹ́yìn tí o kà á?" Aristotle ní ohun méjì ló ń bá a rìn, àánú àti ẹ̀rù. Àánú ni ti ẹni tí nǹkan ṣe. Ẹ̀rù ni ti ara wa, pé bó ṣe ṣe é, ó lè ṣe èmi náà.

Ìdílé Awo (Ọjọ́rú, 11:50 àárọ̀)

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àná, mo ń retí ẹni tí yóò mẹ́nu kan orí. Kò sí ẹni tó kàn án.

Ẹ ò lè sọ̀rọ̀ lórí eré Rótìmí láìṣe ìyàtọ̀ láàárín àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́. Àkúnlẹ̀yàn ni ohun tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ yàn lórí ìkúnlẹ̀. Àkúnlẹ̀gbà ni ohun tí wọ́n fún un láti fi ṣe èyí tó yàn. Àyànmọ́ ni èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ènìyàn ń pe gbogbo rẹ̀ ní kádàrá, wọ́n ṣe tán. Bí babaláwo bá rí ibi ní ọ̀nà ọmọ, ẹbọ wà, ìwà wà, ẹsẹ̀ ẹni náà sì wà tí yóò fi rìn ín. Orúkọ tí Rótìmí fún eré rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀: àwọn òrìṣà kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá ka eré náà tó ní "kádàrá ni," kò fetí sí àkọlé.

Wálé nípa eré (Ọjọ́rú, 12:34 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra tí a bá dé ti Gíríìkì ṣá. Oedipus kò kúnlẹ̀ níbì kankan yan nǹkan. Kí wọ́n tó bí i ni àfọ̀ṣẹ ti jáde, kò sì sí ẹbọ tí wọ́n ní kí àwọn òbí rẹ̀ rú. Tí a bá gbé àkúnlẹ̀yàn lé e lórí, a ti fún un ní ẹ̀bi tí eré náà kò fún un. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń lò ni moira, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni ohun tí a pín fúnni. Ìpín. A ní in tẹ́lẹ̀, kò sì ní ìkúnlẹ̀ nínú.

Bákan náà ni hubris tí àwọn tíṣà ń pè ní ìgbéraga. Ní Áténì, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ gbé ènìyàn lọ sílé ẹjọ́ ni: kí o fi ìwọ̀sí kan ẹlòmíràn, kí o tẹ́ ẹ láwùjọ. Ìgbéraga lè wà nínú ọkàn kó má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àfojúdi ló sún mọ́ ọn, torí ó ní ẹni tí a ń fojú di.

Ìdílé Awo (Ọjọ́rú, 1:10 ọ̀sán)

Mo gbà ọ́ lórí ìpín. Lórí ti Ọdẹ́wálé, ibi tí mo wà ni mo ṣì wà.

Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́, Òkè Fíà (Ọjọ́rú, 9:25 alẹ́)

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ìnáwó ọ̀rọ̀. Mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà, ojú ewé mẹ́rin ti kún.

Mo ní ìbéèrè méjì sí i. Ọba náà gégùn-ún fún apànìyàn níwájú gbogbo ìlú, àwa tí a ń kà á ti mọ̀ pé orí ara rẹ̀ ni èpè náà ń bọ̀. Kí ni a ń pe ìyẹn? Èkejì, ibi tó wá mọ ẹni tí òun jẹ́ níkẹyìn, ọmọ yunifásítì yẹn fún un ní orúkọ kan tí ahọ́n mi kò lè gbé.

Tíṣà Àgbà (Ọjọ́rú, 9:41 alẹ́)

Ti àkọ́kọ́, ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ni. Ti èkejì, a lè pè é ní ìdámọ̀.

Ọmọ Onílù (Ọjọ́rú, 10:05 alẹ́)

Tíṣà, ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ fẹ̀ jù. Bí mo bá pe ẹni kúkúrú ní ọ̀pẹ, ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ ni ìyẹn náà. Èyí tí Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́ ń wí ní òǹwòran nínú. Mo rántí gbọ̀ngàn tí àwọn ìyá ti ń pariwo, "Má wọlé o! Má wọ ibẹ̀!" Òṣèré kò gbọ́, torí kò gbọdọ̀ gbọ́. Àwa mọ̀, òun ò mọ̀. Ohun tí àwọn tó ń ṣe eré máa ń sọ nìyẹn, "ibi àwa-mọ̀-òun-ò-mọ̀." Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀.

Ìdámọ̀ náà tutù jù fún ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwa a máa ní ojú rẹ̀ là. Ẹ sì wo bó ṣe bá eré náà mu: afọ́jú ni babaláwo, Bàbá Fákúnlé, òun ló sì ríran láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọba ní ojú méjì, kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ tí ojú rẹ̀ là ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ọ. Ojúlílà ni kí ẹ pè é.

Tíṣà Àgbà (Ọjọ́rú, 10:11 alẹ́)

Ojúlílà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi ì bá dùn ká ní mo ní in lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò (Ọjọ́bọ̀, 6:50 àárọ̀)

Ẹ tún bá wa dá sí ti elégbè kí ó tó di Àbámẹ́ta. Nínú Oedipus, àwọn kan wà tí wọ́n ń kọrin lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan. Elégbè ni?

Wálé nípa eré (Ọjọ́bọ̀, 8:22 àárọ̀)

Elégbè ni mà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n nígbà ayé Sophocles, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, nínú Oedipus sì rèé, àgbà ìlú Tẹ́bẹ́sì ni wọ́n. Ẹnì kan lè ní elégbè tiwa kàn ń dáhùn orin ni, tiwọn ń bá ọba jiyàn, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, wọ́n ń bẹ̀rù. Àmọ́ ẹni tó ń gbè ni elégbè, ó ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ẹ máa béèrè lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan: ta ni wọ́n ń gbè báyìí? Ẹ ó rí i pé ó ń yí padà.

Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́, Òkè Fíà (Ọjọ́ Àìkú, 3:38 ọ̀sán)

Ẹ kú ìsinmi o. A ṣe ìpàdé wa lánàá, láti aago mẹ́rin títí iná fi dé ní ààbọ̀ kọjá aago méje.

Àléébù àti àṣìta fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀, ìjà tó dára ni. Àwọn kan kò gbà kí a pe ẹni tó pa ènìyàn ní ẹni tó tàsé. Ọmọ yunifásítì wa fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "àwa-mọ̀-òun-ò-mọ̀", kò sì dárúkọ Gíríìkì kankan fún bíi wákàtí méjì.

Télọ̀ wa sọ̀rọ̀. Ó jókòó pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ń wé e mọ́ ìka. A wà lórí ojúlílà, gbogbo wa ń sọ ti Oedipus. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ojú ìyá yẹn ti là ṣáájú tirẹ̀." A ṣí ìwé, a kà á lẹ́ẹ̀kejì. Òótọ́ ni. Bí oníṣẹ́ Kọ́ríńtì ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Jocasta, ìyá Oedipus, ti mọ̀, ó sì ń bẹ Oedipus pé nítorí Ọlọ́run, kó má wádìí mọ́. Oedipus rò pé ìyá náà ń tijú nítorí ìdílé tí òun Oedipus ti wá ni. Télọ̀ wa wá bi wá pé, "Ẹni tó ti rí i, tó ń bẹ ẹni tí kò tíì rí i pé kó má wò ó, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?"

Kò sí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ fún un nínú wa. Mo ní n óò gbé e wá síbí.

Wálé nípa eré (Ọjọ́ Àìkú, 4:15 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti wo gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Wọn kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Ẹ bá mi kí i gan-an ni.

Tíṣà Àgbà (Ọjọ́ Àìkú, 4:52 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ẹ má tún un ṣe. Tí ẹ kò bá tíì yan ìwé oṣù tó ń bọ̀, ẹ mú Ọba Kò So, mo ní ẹ̀dà kan tí mo lè gbé wá. Apá ibo ni Òkè Fíà ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?